Agolo Ẹja Tó Wú

Ọdún tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, kọ́kọ́ dé ni, tí ẹja tútù wọ́n bí ojú. Nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́bìnrin tó fẹ́ ṣí ẹja inú agolo fún ọmọ rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, agolo yẹn ti wú. Má fún un jẹ."

"Atẹ́gùn lásán ni, ìyá. Ẹni tó tà á ní kí n fi ìṣó lu ú kó lè mí. Kò tilẹ̀ rùn."

"Ti ọkọ mi náà kò rùn. Ó fi jẹ búrẹ́dì, ó lá ọwọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ń rí mi ní méjì, ó ní ìgbà wo ni òun fẹ́ ìyàwó kejì. A rẹ́rìn-ín títí. Kò pẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ kò gbé sókè mọ́, omi kò gba ọ̀fun rẹ̀ lọ."

"Ṣé ibà ni?"

"Ara rẹ̀ kò gbóná rárá. A ní ayé ló ń ṣe é, à ń gbé e kiri ilé àdúà. Ìgbà tí a ó fi gbé e dé ọsibítù, kò lè mí mọ́. Dókítà ní oró inú agolo ni."

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo agolo. "Ebi sì ń pa ọmọ."

"Gba àkàrà mi fún un. Ìyá ọmọ, agolo kì í lóyún."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé bí ìpéǹpéjú ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé wálẹ̀, kí wọ́n má wá ẹni tó ṣe é. Kí wọ́n bèèrè ohun tó jẹ, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.