Aṣáájú Júù Tí Mo Rí Lẹ́nu Ọ̀gbun

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, mo fi orí lé apá lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n dìde. A kọ́kọ́ gba ibi tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi, ojú wọn tutù bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí Màmá Rèbékà, ìyá arúgbó Júù tí mo tọ́jú nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Wọ́n dá mi mọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá àwọn wo aṣáájú àwọn nísàlẹ̀.

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Nígbà ayé wọn, ìtàn rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ ìta ń lu àwọn arúgbó tó ń ti sínágọ́gù bọ̀, ọlọ́pàá ò sì ṣe nǹkan kan. Ọkùnrin yìí ló kó àwọn ọ̀dọ́ Júù jọ, tí wọ́n ń sin àwọn arúgbó délé. Màmá ní ìgbà náà ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń sùn fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìṣọ́ nìkan ò tó o mọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti kórìíra ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ti wọn. Àwọn rábì, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, bá a wí, kò gbọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju bọ́ǹbù sí ọ́fíìsì kan, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ sì jóná. Àìsàn ló pa á níkẹyìn. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn kan ń sunkún olùgbàlà, àwọn mìíràn ń gbé apànìyàn ṣépè.

A sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀gbun iná kan. Iná ń ké, àwọn òpùrọ́ ń jẹ ahọ́n ara wọn, àwọn aninilára ru òkúta tó pọ́n bí ẹyin iná, mo fẹ́ sá, èéfín bá là sí méjì, mo sì rí i.

Kò sí nínú iná. Ó dúró lójú ọ̀nà tó wọ ọ̀gbun náà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ pé kí wọ́n padà. Ohùn tó fi ń kó èrò jọ láyé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n ń gba inú ara rẹ̀ kọjá bí ẹni gba inú kùrukùru.

Mo bi atọ́nà mi pé àwọn arúgbó tó gbà sílẹ̀ ńkọ́.

“Wọ́n ti jẹ́rìí,” ló wí. “Obìnrin tó jóná náà ti jẹ́rìí.”

“Ìgbà wo ló máa kúrò níbẹ̀?”

“Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò bá gba ọ̀nà yìí mọ́.”

Mo wá wo ojú àwọn tó ń bọ̀. Kì í ṣe Júù nìkan, gbogbo ẹ̀yà ayé ni, olúkúlùkù ń wí pé ìlú òun lòun ń ṣọ́. Mo rí ojú tí mo mọ̀. Mo jí, òógùn ti rin ẹní mi.

Ará, gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ti ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé àwọn àlejò tó ń gbé lẹ́yìn ọjà. Mẹ́ta nínú wọn ni mo rí lójú ọ̀nà yẹn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó síbí. Mi ò ní dárúkọ ẹni méjì, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Ẹni tó ṣáájú wọn, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ẹnu ọ̀gbun, èmi ni mo bí i.

Ọmọ mi, padà.