Alásè Tó Dún Bí Ẹlẹ́dẹ̀

Lórí ìlà bọ́ọ̀sì Ìjànikin ní Okokomaiko, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Japan ra tẹlifíṣọ̀n dé ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin:

"Aǹtí mi, ilé oúnjẹ àtayébáyé kan ni mo wọ̀ níbẹ̀! Ẹran tí wọ́n yí ní búrẹ́dì lílọ̀, tí wọ́n wá dín, ń ta sánsán. Mo bi alásè bóyá adìẹ ni. Kò gbọ́ òyìnbó. Ó wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi, ló bá dún hùn-hùn bí ẹlẹ́dẹ̀!"

"Áà! Ṣé o ti jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá o! Mo fẹ́ dìde, ó dì mí lápá mú. Ó da òróró nù, ó fọ páànù, ó wá dín edé ńláńlá fún mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka jẹ!"

Obìnrin náà mirí. "Kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ó mà lè dákẹ́ kí o jẹ ẹ́."