Bẹ́ẹ̀ni tàbí Bẹ́ẹ̀kọ́ Nìkan

Ẹ gbé ìyìn yín kalẹ̀ ná. Láti àárọ̀ lẹ ti ń wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ẹ ń dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, tí ẹ ń ní tísà tó kọ́ yín ní Gẹ̀ẹ́sì ò lẹ́gbẹ́. Ẹ̀yin náà kúkú gọ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ara yìí ò lè pẹ́ mọ́, n ò sì fẹ́ kí irọ́ bá mi wọ sàréè.

Ẹ rántí opó tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, tó fi iṣẹ́ yẹn ń bọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo gbà á láàyè kó máa jókòó lẹ́yìn kíláàsì, kí n lè rí ẹni fi ṣẹ̀sín ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, mo sùn lọ fọnfọn, mo sì fi ẹsẹ̀ ti rédíò ńlá tí a fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ṣubú. Ó bàjẹ́ pátápátá. Nígbà tí mo lajú, obìnrin yìí ló ń gbé e padà sórí tábìlì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń bo àṣírí mi. Èmi náà dákẹ́, ojo lásánlàsàn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ẹni tó ba rédíò jẹ́. Bí a ṣe ń bi èèyàn ní ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ lánàá la ń kọ́: ẹ gbé "were" ṣáájú "you", ẹ fi "-ing" sí ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹni tí a bi á dáhùn bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, kò gbọdọ̀ ṣàlàyé. Òfin kíláàsì mi nìyẹn. Mo nàka sí opó náà lẹ́yìn kíláàsì, mo bi í bóyá ó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ lánàá.

"Were you sweeping here yesterday?"

"Yes, I was."

Mo wá bi í bóyá òun ló ń gbé rédíò náà. "Were you carrying the radio?"

Ó wò mí. "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

Mo fi rúlà lu tábìlì. "Bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ nìkan."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yes, I was." Ọ̀gá ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ.

Bó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Kò tíì dá ìbéèrè kan ṣe rí. "Teacher, were you sleeping?" Bóyá mò ń sùn ló ń bi mí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní mo mọ iṣẹ́ mi, ó ní ẹ wo bí onígbálẹ̀ ṣe ń bi ìbéèrè. Mo dá a lóhùn: "No, I wasn't."

Ẹ má sunkún sí mi lórí. Ẹ̀yin tí ẹ fi í rẹ́rìn-ín, ẹ lọ wá a. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi tọrọ àforíjì, kí ẹ sì sọ fún un pé ìdáhùn mi ni: "Yes, I was." Ẹ má fi àlàyé kankan kún un.