Mo Fàlà Pupa sí Ohun tí Afí Kọ nípa Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọba Ṣáínà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sọ fún àlùfáà wa. Ohun tí Afí sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Olùkọ́ ìtàn ni mí ní kọléèjì kan lẹ́bàá Datcha. Lọ́dún náà, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Atakpamé kọ àròkọ lórí iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọba Ṣáínà láyé àtijọ́. Ẹni tó bá gba ipò kìíní máa lọ kàwé ní Ṣáínà lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ ti ilé ẹ̀kọ́ wa wò, kí n fi ẹyọ kan péré ránṣẹ́.

Afí, ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan, ló mọ̀wé jù ní kíláàsì mi. Ó kọ bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń ṣọ́ ẹnubodè ààfin, bí wọ́n ṣe ń yẹ àmì ìwọlé wò lọ́wọ́ àlejò, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ọba bó bá jáde. Gbogbo rẹ̀ dáa, àfi ibì kan. Ó ní láàfin ọba ilẹ̀ Qin ní Ṣáínà, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tó mú ohun ìjà lọ́wọ́ máa ń dúró. Wọn ò gbọdọ̀ gòkè àfi tí ọba bá pè wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Bàbá bàbá mi ṣọ́ ọba ìlú wa. Ẹsẹ̀ ọba gan-an ló ń jókòó sí, àdá á wà lórí itan rẹ̀. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Mo rò pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa ṣíṣọ́ ọba.

Mo fàlà pupa sí i. Mo tún kà á sókè fún kíláàsì, mo ní, "Ẹ̀ṣọ́ wo ló ń ṣọ́ ọba láti ọ̀ọ́kán? Ṣé ewúrẹ́ ló ń dà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Afí dìde, ó ní, "Tíṣà, ẹ dákun, ó wà nínú ìwé tí àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣe ọ̀nà níbí fi ta bàbá mi lọ́rẹ." Mo ní kó jókòó. Àròkọ ẹlòmíì ni mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tó yá, mo yá ìwé náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kí n lè fi hàn wọ́n pé irọ́ ni. Ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ká, ó fẹ́ fi pa ọba Qin. Ọba ń sá yí òpó ká. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró sísàlẹ̀, wọ́n ń wò ó, torí kò tíì pè wọ́n.

Ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n parí gbígba àròkọ. Mo ṣì lè fi ti Afí rọ́pò èyí tí mo ti fi ránṣẹ́. Ojú tì mí. Mo dá ìwé padà, mo ní mi ò ráyè kà á.

Afí fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó lọ́kọ sí Elavagnon, àgbàdo ló ń tà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ó bá mi ṣọ̀tá o. Ọdọọdún ló ń gbé iṣu tuntun wá kí mi, mo sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí kíláàsì mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, tó bá ń bá yín jiyàn, ẹ bá mi nà án. Èmi náà jiyàn lórí ohun tí mi ò mọ̀, ẹ ṣáà rí ibi tó gbé mi dé. Mo ti sọ fún un pé ohun tí Tíṣà bá ti sọ ni òótọ́."

Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Mo kàn ní, "Ó ti yé mi, Afí."

Tí mo bá sọ fún un, kò ní dá ọdún mẹ́rìndínlógún padà. Ó lè jẹ́ pé torí kára lè tu èmi nìkan ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ mọ́.

Àmọ́ lánàá, mo ṣèèṣì kọ ohun tí kò tọ̀nà sójú pátákó. Ọmọ náà rí i. Mo mọ̀ pé ó rí i. Ó wò mí, ó wolẹ̀, ó sì dà á kọ sínú ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀?