Gọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Sójú Fúnmi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ mọ̀ mí láàárín àwọn akọrin, ẹ sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi: mo ń ṣe ojú lọ́ṣọ̀ọ́, mo ń lẹ irun ìpéǹpéjú mọ́ àwọn ìyàwó tuntun lójú. N kò dìde láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnmi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ojú ti tán lọ́wọ́ mi. Mo mú èyí tí a fi ń lẹ wíìgì mọ́ orí, òun ni mo lò fún un. Kò pẹ́ tó fi sọ pé, "Àǹtí, ó ń ta mí lójú."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Fara dà á, oge kì í rọrùn."

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wọlé bí afọ́jú. Ojú méjèèjì ti wú, ipin ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀. Ìyá náà bi mí pé, "Kí lo fi sí ọmọ mi lójú?" Mo ní gọ́ọ̀mù ojú ni, pé ọmọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ìdọ̀tí ra ojú. Nígbà tí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ, mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń gbààwẹ̀ lé lórí: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àṣírí mi tú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ààwẹ̀ náà, lẹ́yìn àdúrà, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun dúró tì mí, ó ní, "Dìde, ká lọ."

Ibi tí a kọ́kọ́ dé tutù, ó ní ibòji, ara sì tu gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Mo rí ìyá kan tó ti jẹ́ ọmọ ìjọ wa rí. Nígbà àìsàn rẹ̀, oògùn mú gbogbo irun ojú rẹ̀ re, ojú sì ń tì í láti jáde. Èmi ni mo bá a lẹ òmíràn, tó tún fi lè bá wa jọ́sìn kó tó kú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wo ẹni tó ń mú mi lọ, mo ní, "Ṣé iṣẹ́ mi dára nígbà náà?"

Ó ní, "Ọlọ́run kò gbàgbé ohun tí o ṣe fún ìyá yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni mo fi wá mú ọ."

A bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ooru pàdé wa lọ́nà. Mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń sá fún ara wọn tí wọn kò rí ibi sá sí, mo rí ọkùnrin kan tó lé opó jáde nílé, tó ń kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Lẹ́yìn náà a dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin kan, ẹ̀yin ará, irun ìpéǹpéjú wọn ń hù sínú, ó ń gún ẹyinjú wọn, wọ́n ń fà á, ó ń hù, wọ́n tún fà á, ó tún hù, ẹ̀jẹ̀ ń dà, igbe wọn sì ń wọ inú egungun mi, mo fẹ́ di ojú tèmi, ìpéǹpéjú mi kò pa dé.

Mo bi í pé, "Ṣé torí pé wọ́n lẹ irun mọ́jú ni?"

Ó ní, "Rárá o. Wọ́n mọ ohun tó ń ba ojú ẹlòmíràn jẹ́, wọ́n sì ní kò sí nǹkan."

Mo rí àyè kan láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí. Mo béèrè ẹni tó ni ín. Ọwọ́ mi ló ń wò. Mo wólẹ̀, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn dókítà kò mọ ohun tó wọ ojú ọmọ náà. Ìwọ nìkan lo mọ̀. Kí lo ṣì ń ṣe níbí?"

Mo ta jí. N kò dúró wọ bàtà. Mo gbé ìgò gọ́ọ̀mù náà, mo sáré lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n dá Fúnmi dúró sí, mo gbé e lé dókítà lọ́wọ́, mo sì sọ òtítọ́ lójú gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀ gbá mi létí. Ó tọ́ sí mi.

Wọ́n yí ìtọ́jú padà. Ojú ọ̀tún ti là. Tòsì ṣì ń ṣe bàìbàì, wọn kò sì tíì mọ̀ bóyá yóò là tán. Nígbà tí mo bẹ Fúnmi, ó ní, "Àǹtí, mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ sílé ná."

Ẹ̀yin arábìnrin, bí irun yẹn bá ń ta yín lójú, ẹ ṣí i, àlejò ìbáà ti pé jọ. Ẹ má fi sùn. Ẹwà tó ń mú ojú wú kì í ṣe ẹwà. Ní ti ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ojú, bí ẹnìkan bá wà tí ẹ parọ́ fún, tí ó ń jìyà lọ́wọ́ báyìí, ẹ má dúró de ìparí ìsìn. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ dìde, ẹ lọ bá a.