Ọdún Tí A Kò Lọ Sílé

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ọkọ mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Narayi, ní Kaduna, ó ń fi òrí pa gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti sán. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè tó fi ní, "Ìyá Fúnmi, lọ́dún yìí mi ò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ lọ sinmi." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí mo bá rántí àárọ̀ yẹn, ọkàn mi a wúwo, síbẹ̀ ẹ̀rín a máa pa mí.

Láàrin àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí epo mọ́tò ń wọ́n. Abọ́ tánńganran ni ọkọ mi ń tà lọ́jà. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó máa sinmi. Ṣùgbọ́n àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kaduna, ta ní í sinmi nínú wa bí ọdún tuntun bá dé? Ilé la máa ń lọ, níbi tí ìpàdé ẹbí, ẹjọ́ ilẹ̀ àti àlejò kì í ti í jẹ́ kí èèyàn jókòó. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á ní nǹkan ti bàjẹ́ fún un. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tilẹ̀ bi í pé, "Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ ti di òyìnbó ni, àbí ọjà ò tà?" Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkú ò lè pàtẹ."

Fúnmi ọmọ wa, tó jẹ́ pé Hausa ló máa ń fi dá wa lóhùn, ní, "Baba, ina za mu?"

"Bauchi là ń lọ," ni bàbá rẹ̀ wí, "níbi tí omi gbígbóná ti ń sun lábẹ́ àpáta."

Nígbà tí a débẹ̀, ọyẹ́ ń fẹ́ lójú wa, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì mù wá dé ọrùn. Omi náà mọ́ débi pé mò ń rí ìka ẹsẹ̀ ọkọ mi lórí iyanrìn. Nígbà tí a jáde, ọ̀bọ kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ sá. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹbí ti bá wa débí." Lọ́sàn-án ó sùn, irú oorun tí n kò rí i kó sùn rí látìgbà tí a ti fẹ́ra. Ojú rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọkọ ìyàwó. Ṣé ẹ ti tún ọkọ yín fẹ́ rí? Èmi ti ṣe é. Ó ní ọdọọdún la ó máa wá.

A kò padà lọ mọ́. Nígbà tí ọdún yí po, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé pé ẹni tó ń wá omi gbígbóná kiri, tí ilé tó ń kọ́ nílùú kò tíì ní òrùlé, ń dójú ti ẹbí. Ó dun ọkọ mi wọra. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ kan páànù sí i, kí ẹnu wọn lè pa mọ́. Lẹ́yìn náà a ó gba Bauchi." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní ìlera loògùn ọrọ̀. A lọ. Ó dúró ti àwọn káfíńtà nínú oòrùn. Bí wọ́n ti ń kan páànù ni àlejò ń wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó parí ọdún, ó ní ẹ̀yìn orí ń dun òun. Ó jókòó sórí ìdì páànù kan, kò sì lè dìde mọ́. Ọdún tuntun bá a nílé ìwòsàn. Kò bá a rìn jìnnà.

Àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn ní kí n dúpẹ́, pé ó ṣáà ti kọ́lé. Ẹ̀yin tí ara yín ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi bí ọdún ti ń wọlé bọ̀, kódà bó jẹ́ etí odò Kaduna níhìn-ín lẹ lè tẹ́ ẹní sí, ẹ lọ. Ilé kò ní sá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ti ránṣẹ́ báyìí pé kí n wá ṣọdún nílé ọkọ mi. Kí ni kí n sọ fún un?

Ilé náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti kùn ún. Ọkọ mi wà nínú àgbàlá rẹ̀. Èmi wà ní Narayi.