Ohùn Tó Gbé Bọ́ǹbù Wọ Ajégúnlẹ̀

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí."

Máìkì tí Morádéún fi ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ájégúnlẹ̀ ló dì mú. Ìrántí ọdún kan ikú Chinaza ni wọ́n ń ṣe. Nkechi, ìyá ọmọ náà, ló ní kí ìjọ bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Morádéún ọ̀rẹ́ òun tó sapá kí ọmọ òun má baà kú sógun òkèèrè. Ó sapá kẹ̀!

"Ọkùnrin kan ní Àpápá GRA ló háyà mi. Orílẹ̀-èdè tó ń bá ìlú tí Chinaza ti ń kàwé jagun ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá pé bọ́ǹbù núkílíà máa tó já, kí oníkálukú kó ọmọ rẹ̀ kúrò. Mo bi í bóyá wọ́n máa jù ú lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Mádàámù, kí ni wọ́n tún fẹ́ jù ú fún, tí ẹ̀rù bá ti bá wọn parí iṣẹ́?'"

Morádéún gba ohùn ara rẹ̀ sórí fóònù nígbà náà, ni Wáàsáàpù bá gbé e dé Ìjọra Badia. Irú ìwà wo nìyí? Àwọn aláṣẹ jókòó síbi tí ọta ò lè bà wọ́n, wọ́n ń fi ikú gbogbo ayé halẹ̀ bí ẹni ń fi pankẹ́rẹ́ na ilẹ̀ fún ọmọdé, ẹni wa ni wọ́n sì ń rán sí wa! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Nkechi, o dá ohùn mi mọ̀, o sáré wá. O ní, 'Mama Kóredé, abeg, ṣé òótọ́ ni? Chinaza say dem dey safe for underground.' Mo mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí iṣẹ́ má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, 'Tó bá jẹ́ Kóredé mi ni, kò ní sùn níbẹ̀ mọ́jú.'"

Chinaza kúrò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sá pamọ́ sí lọ́jọ́ náà. Nínú yìnyín, lójú ọ̀nà ibodè, ni ọkọ̀ rẹ̀ ti dojú dé. Bọ́ǹbù kankan ò já. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sùn láyọ̀ nínú yàrá tó sá kúrò.

Morádéún kúnlẹ̀. "Forí jì mí."

Nkechi yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n ń gba ohùn sí, ó gbé e lé Morádéún lọ́wọ́.

"Dem still dey use that bomb threaten people this week, I hear am for radio. I never forgive you. Oya, fi ohùn yẹn náà sọ fún àwọn ìyá pé irọ́ ni."

"Ẹ̀yin ìyá," Morádéún bẹ̀rẹ̀, "èmi ni mo ní kí ẹ sá..." Ẹkún gba ohùn náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Nkechi di ọwọ́ rẹ̀ mú kí fóònù má jábọ́.

"Tún un bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Dárúkọ ọmọ mi."